Èwo ni ká yọ, kí ni ká fi rọ́pò rẹ̀? Ìfiwéra irin àti okùn tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lára àpáta

Ní Red River Gorge, ní ìpínlẹ̀ Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ògiri àpáta kan wà tí wọn kò dúró ṣánṣán. Òkè wọn yọrí síta ju ìsàlẹ̀ lọ, débi pé bí wọ́n bá ń fi okùn sọ ẹni tó gùn ún kalẹ̀, inú òfuurufú ni yóò máa fì dirodiro sí, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó ara àpáta mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni láti kó ohun èlò ẹni bọ̀ lára irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi tiwọn sílẹ̀ sókè. Òjò á pa á, oòrùn á pa á, okùn àìmọye èèyàn á gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá pẹ́, kò ní sí ẹni tó máa sọ pé òun ló ni ín mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo èèyàn ló ń gbé ẹ̀mí ara wọn kọ́ ọ.

Àwọn tó ń lọ tún un ṣe kì í gbowó. Ẹgbẹ́ Red River Gorge Climbers' Coalition, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ra ilẹ̀ tó ń jẹ́ Pendergrass-Murray Recreational Preserve ní 2004 kí ẹnikẹ́ni má baà lé àwọn agun-àpáta kúrò níbẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda ló ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. American Safe Climbing Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, máa ń fún àwọn tó ń pààrọ̀ bóòtù àtijọ́, ìyẹn irin tí wọ́n lù mọ́nú ihò àpáta, ní irin tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba irin lọ́fẹ̀ẹ́ ṣì ní láti mọ èyí tó yẹ kó gbà àti ibi tó yẹ kó fi í sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun àpáta lókè òkun, tí ẹ sì ń ronú láti bá wọn lọ́wọ́ sí i, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sílẹ̀ fún.

Bí mo bá ń fi ohun èlò méjì wéra, ìbéèrè méjì ni mo kọ́kọ́ máa ń bi. Ṣé ojú lè rí i nígbà tó bá ń gbó? Ṣé sípánà nìkan tó láti fi pààrọ̀ rẹ̀, láìlu ihò tuntun sára àpáta? Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì ni mo máa ń yàn, kódà bí òmíràn bá ju ú lọ lágbára nínú ìwé. Ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́ ni wọ́n wọn agbára tó wà nínú ìwé yẹn. Ẹni tó máa kọ́ ara rẹ̀ sí i lọ́dún mẹ́wàá sí i, ojú rẹ̀ ló máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gun àpáta: okùn pẹlẹbẹ, wáyà tàbí ṣéènì

Kàrábínà ni òrùka irin tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa dé. Méjì rẹ̀ tí okùn pẹlẹbẹ kan so pọ̀ ni wọ́n ń pè ní quickdraw. Kàrábínà tòkè á wọ hanger, ìyẹn pẹlẹbẹ irin oníhò tí bóòtù dè mọ́ àpáta. Okùn ẹni tó ń gùn á gba inú tìsàlẹ̀. Èyí tí kálukú ń rà fún ara rẹ̀ máa ń ní kàrábínà àlúmíníọ̀mù kó lè fúyẹ́, okùn àárín rẹ̀ á sì jẹ́ náílọ́ọ̀nù tàbí okùn alágbára tí wọ́n ń pè ní Dyneema. Fún ohun tí èèyàn ń gbé lọ tó sì ń gbé bọ̀, mi ò rí èyí tó sàn jù ú lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ sókè ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo okùn àárín yẹn ná. Oòrùn ń jẹ náílọ́ọ̀nù láìpariwo. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, ara rẹ̀ á gan, ṣùgbọ́n èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣí náà lè ti rẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó kọjá ọdún 10, ì báà jẹ́ inú àpótí ló wà látọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ èyí tó wà lókè yẹn? Ọ̀kẹ́rẹ́ náà sì tún máa ń gé e jẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ti gbé e ṣubú.

Kàrábínà àlúmíníọ̀mù ní tirẹ̀ kì í fi ogbó pamọ́ fún ẹni tó bá wò ó. Iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ okùn ń fá a díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ èèyàn kalẹ̀, títí yóò fi dá kòtò tóóró síbi tí okùn ń gbà. Etí kòtò yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù ju kòtò fúnra rẹ̀ lọ. Ó lè mú bí abẹ. Bí èèyàn bá já bọ́ tí okùn rẹ̀ sì fà lé e lójijì, ó lè gé e, irú kàrábínà bẹ́ẹ̀ sì ti gé okùn àwọn agun-àpáta rí. Ti bóòtù àkọ́kọ́ ló sábà máa ń tètè jẹ jù. Ẹni tó di okùn mú nísàlẹ̀ kì í dúró sábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó máa ń sún sẹ́yìn, okùn á wá ṣẹ́ kọ́rọ́ níbẹ̀, á sì máa ha á. Ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ti sún mọ́ni jù, tí okùn tó bá gé kò ní fún ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé kàrábínà kan ṣoṣo lẹ ráyè yẹ̀ wò lójú ọ̀nà kan, ẹ yẹ ti àkọ́kọ́ wò.

Ohun méjì ni wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ sókè tọ́jọ́. Méjèèjì ní kàrábínà irin líle nísàlẹ̀, èyí tí okùn kì í tètè jẹ. Méjèèjì ní quicklink lókè, ìdè irin tí nọ́ọ̀tì ń pa ẹnu rẹ̀ dé, tí wọ́n fi sípánà fún mọ́ hanger. Àárín ni wọ́n ti yàtọ̀: ọ̀kan jẹ́ ṣéènì, èkejì jẹ́ wáyà irin tí wọ́n fi ike bò. Wáyà fúyẹ́, kì í sì í ró gbàgà-gbàgà lára àpáta, àwọn kan sì yàn án nítorí ìyẹn. Èmi kò ní yàn án. Omi ń gba ẹnu ike wọlé, wáyà inú á máa dógùn-ún nígbà tí ike tó bò ó ṣì ń dán. Ṣéènì kò ní ibi tó lè sá pamọ́ sí. Bí ìdè kan nínú rẹ̀ bá ti tín-ín-rín, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á rí i. Lóòótọ́ ó wúwo, ẹni tó bá so odidi ọ̀nà kan mọ́ ìbàdí gun òkè á mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí kàrábínà ìsàlẹ̀ bá jẹ, kàrábínà nìkan ni ẹ máa pààrọ̀, ṣéènì á dúró síbi tó wà.

Ẹ má sì kọ́ ọ síbi gbogbo. Lára ògiri tó dúró ṣánṣán, tí èèyàn lè kó ohun èlò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀, kí ara àpáta wà ní òfìfo ló dára jù. Ẹni tó ń rìn kọjá nísàlẹ̀ kò fẹ́ rí ṣéènì tó ń kọ mànà lójú oòrùn, bákan náà ni ẹni tó ni ilẹ̀. Àṣà ibì kan kì í ṣe ti ibòmíràn. Ní Rifle Mountain Park ní Colorado, tó jẹ́ ti ìjọba ìlú Rifle, ohun èlò tó ń gbé ara àpáta kì í ṣe ohun àjèjì. Lára àwọn àpáta gritstone ní Peak District nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóòtù pàápàá kò gbọdọ̀ débẹ̀; ẹni tó bá gbé dírìlì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn rere, ìjà ló gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣì ń dán ọ̀nà yẹn wò, tó fi quickdraw rẹ̀ síbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdájọ́ mi nìyí: bí etí kòtò bá ti mú, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ tó wà ládùúgbò. Ẹ̀mí ẹni tó ń bọ̀ ju owó ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ti pẹ́ ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹgbẹ́ tó bá sì ń kọ́ ṣéènì tirẹ̀, kó kọ oṣù àti ọdún mọ́ ọn lára.

Lókè pátápátá: òrùka tàbí ìkọ́

Bí owó ọwọ́ yín bá kéré, ìdákọ̀ró òkè, ìyẹn irin tí ọ̀nà parí sí, ni kí ẹ ná an sí. Gbogbo ẹni tó bá parí ọ̀nà ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí irin kan náà, nítorí náà ibẹ̀ ni okùn ti ń jẹ irin jù. Sípánà méjì àti quicklink tuntun sì ti tó láti tún ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Kò sí iṣẹ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó ń gba ẹ̀mí là tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó burú jù tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni òkìtì okùn pẹlẹbẹ. Ẹnì kan so tirẹ̀ yípo igi, ẹni tó tẹ̀ lé e kò fọkàn tán an, ó so tirẹ̀ mọ́ ọn, títí tí kò fi sí ẹni tó mọ èyí tó ń gbé èèyàn nínú wọn. Bó bá jẹ́ igi ni, èèpo rẹ̀ á bó, igi náà lè kú. Ẹ gé gbogbo rẹ̀, ẹ kó o sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ohun tuntun ti wà níbẹ̀ kí ọ̀bẹ tó jáde, kí ọ̀bẹ sì jìnnà sí okùn tí èèyàn wà lórí rẹ̀, nítorí okùn tó ti nà pọ́ńpọ́n kì í dúró de ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi okùn tó gba inú náílọ́ọ̀nù tààrà sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ láé. Náílọ́ọ̀nù tó ń ha náílọ́ọ̀nù máa ń gbóná, á sì yọ́.

Ohun tí mo ń fi wéra gan-an ni òrùka àti ìkọ́. Òrùka tí wọ́n jó pọ̀ kò ní ohun tó lè kán. Ó ń yí, nítorí náà ibì kan kọ́ ni okùn ń jẹ nígbà gbogbo. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá dé òkè gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó tú okùn lára ara rẹ̀, kó kì í bọ òrùka, kó tún un so. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wà lókè rò pé wọ́n ṣì di okùn òun mú, ẹni tó wà nísàlẹ̀ rò pé ó fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ti tú u sílẹ̀.

Ìkọ́ irin nínípọn tí wọ́n ń pè ní mussy hook ní ẹnu tí sípíríǹgì ń pa dé. Wọ́n máa ń so méjì pọ̀. Ẹni tó dé òkè á kàn ti okùn rẹ̀ bọ méjèèjì lẹ́nu, á ní kí wọ́n máa sọ òun kalẹ̀, kò sí ohun tó ń tú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n fúnra wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn kí òrùka má baà tètè jẹ, ojú ti ń là sí i pé irin ṣeé rà, èèyàn kò ṣeé rà. Ohun tó kọ́kọ́ ń bàjẹ́ lára ìkọ́ yìí ni ẹnu rẹ̀, ìyẹn sì hàn síta. Bí wọ́n bá fi quicklink so ó mọ́ hanger, sípánà á gbé e kúrò. Ó yege lójú ìbéèrè mi méjèèjì.

Nítorí náà, fún ọ̀nà kúkúrú tó parí síbi ìdákọ̀ró kan, ìkọ́ ni mo yàn. Fún àpáta gígùn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele-ìpele, òrùka ni, torí pé okùn lè yọ kúrò nínú ìkọ́ bí ẹni tó so mọ́ ọn bá gùn kọjá rẹ̀ lọ sókè. Irú kẹta wà tó lọ́ bí ìwo àgbò, tí kò ní ẹnu tó ń ṣí rárá. Kò ní sípíríǹgì tó lè kán, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí i rí lè dúró síwájú rẹ̀ kó má mọ bí okùn ṣe ń wọ̀ ọ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, àwọn tó ń lò ó ló máa sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹgbẹ́ èèyàn márùn-ún tó fẹ́ gun ọ̀nà kan látàárọ̀, kí wọ́n gbé okùn wọn gba inú quickdraw tiwọn, kí ẹni tó kẹ́yìn nìkan sọ̀ kalẹ̀ lórí irin àjọlò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ èyí fún àwọn ọmọlẹ́yìn yín. Ẹ má sì da irin pọ̀. Bí hanger bá jẹ́ stainless, irin tí kì í tètè dógùn-ún, kí ṣéènì àti quicklink rẹ̀ jẹ́ stainless. Bí wọ́n bá so irin tí wọ́n fi síǹkì bò mọ́ ọn, ìyẹn á tètè dógùn-ún.

Bóòtù fúnra rẹ̀

Níbí ni sípánà parí sí, tí dírìlì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kánjú débẹ̀.

Ní Yosemite ní California, ọ̀pọ̀ ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fi bóòtù tí kò nípọn ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ ṣí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu ihò nígbà náà, ihò kékeré ló sì yá jù. Iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda níbẹ̀ ni láti fa bóòtù yẹn jáde láìfọ́ àpáta, kí wọ́n fẹ ihò kan náà, kí wọ́n fi èyí tó nípọn sí i sínú rẹ̀. Ẹni tó bá lu ihò tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ ti fi ọgbẹ́ méjì sílẹ̀ níbi tí ọ̀kan ti tó. Nínú àwọn ilẹ̀ tí òfin Wilderness Act ti 1964 dáàbò bò, ẹ̀rọ amúnáwá àti dírìlì oníná jẹ́ èèwọ̀. Ọwọ́ náà ni wọ́n ṣì fi ń lù ú títí dòní.

Bóòtù onísíǹkì ni owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó níta gbangba. Stainless tí ń fẹ̀ nínú ihò dára fún àpáta líle bíi gíránáìtì. Bí ẹ bá ti fi sípánà fún un tán, ó ti ṣeé lò, àwọn kan sì wà tó ṣeé yọ jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Fún òkúta yanrìn tó rọ̀, irú ti Kentucky, bóòtù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ mọ́nú ihò ló sàn. Kì í ti àpáta láti inú, gọ́ọ̀mù sì ń dí omi lọ́nà. Mo mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ mi kò gbè é. Bí wọn kò bá fọ eruku inú ihò kúrò dáadáa, tàbí tí gọ́ọ̀mù kò pò, ìta á dán, inú á ṣófo, kò sì sí ojú tó lè rí i. Nítorí ìdí yìí ni mo ṣe gbà pé ẹni tó ti kọ́ ọ lọ́wọ́ onímọ̀ nìkan ló yẹ kó ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì fara kọ́ ọ títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ pátápátá.

Etí òkun ni ibi tí ojú ti lè tanni jẹ jù. Ní Railay àti Tonsai ní Thailand, àti ní erékùṣù Cayman Brac, stainless tí gbogbo èèyàn gbọ́kàn lé ń ya nínú. Iyọ̀, ooru àti agbára tó ń fà á á pawọ́ pọ̀ la irin náà ní ìlà wẹ́wẹ́, ìta rẹ̀ á sì máa dán bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é, títí ọjọ́ tí yóò kán lábẹ́ ìwúwo tí kò tó nǹkan. UIAA, àjọ àwọn agun-òkè lágbàáyé, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Tàìtéńíọ̀mù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ni àwọn olùyọ̀ǹda fi ń rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ́n ju stainless lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ní irú ibẹ̀ kò sí èkejì tí mo lè fi wé e. Níbikíbi tó wù kó jẹ́, ẹ rí i pé EN 959 tàbí UIAA 123, àmì ìlànà fún irin àpáta, wà lára bóòtù tí ẹ fẹ́ rà. Irin ilé ìkọ́lé kì í ṣe irin àpáta.

Ọwọ́ yín àti owó yín

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ọjọ́ ìmọ́tótó ni ilẹ̀kùn tó gbòòrò jù. Access Fund, ẹgbẹ́ àwọn agun-àpáta ní Amẹ́ríkà, ní ètò Adopt a Crag fún un, ní Yosemite sì rèé, ètò ìmọ́tótó tí wọ́n ń pè ní Facelift bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ẹ ó ṣa ìdọ̀tí, ẹ ó tún ọ̀nà ẹsẹ̀ ṣe, ẹ ó sì mọ àwọn tó ń tọ́jú irin níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá wọn gun òkè pẹ̀lú sípánà. Bí mo bá ní kí n yàn láàárín ẹni tó ra dírìlì àti ẹni tó fi owó dírìlì yẹn ra kàrábínà irin fún ẹgbẹ́, ẹnì kejì ni mo máa gbé owó fún. Dírìlì wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lò. Irin ló máa ń tán lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí kò lè gùn kó máa ròyìn. Fọ́tò kàrábínà tó ti jẹ, orúkọ ọ̀nà, bóòtù kẹta tàbí kẹrin láti ìsàlẹ̀: èyí wúlò ju kí èèyàn kọ ọ́ pé àwọn nǹkan ibẹ̀ ti gbó lọ.

Ohun tí ẹ bá kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ tàbí sínú garawa ìdọ̀tí bó ṣe wà. Ẹ gé okùn pẹlẹbẹ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi ayùn irin gé kàrábínà tó ti jẹ sí méjì, kí ẹnì kan má baà ṣa á kó tún gbé e lọ kọ́ sórí ọ̀nà mìíràn.